Ìṣẹ́jú-Àáyá Méjì: Ìrírí Mi Nídìí Fíìmù Apanilẹ́rìn-ín

Ní ọdún 1998, nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ eré kan ní Ṣágámù gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀yìn, wọn kò fún mi ní ipa kankan láti ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ọ̀pá oparun kan tó gùn jù mí lọ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ so màíìkì mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n ní kí n máa nà án sókè orí àwọn òṣèré, kí n má sì jẹ́ kí òjìji rẹ̀ hàn lára ògiri. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀pá yìí. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí mo bá jókòó síwájú àwo ìkọ́kọrẹ́, ńṣe ni ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n lórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n hẹ́dífóònù wà létí mi ní gbogbo ìgbà náà, mo sì ń gbọ́ ohun tí olùdarí eré fúnra rẹ̀ kò gbọ́: bí òṣèré ṣe ń gbé itọ́ mì, bí ìwé ṣe ń pariwo lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, àti bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá mọ Ṣágámù mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà Bìní ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nítorí náà a kì í ya eré bí kò ṣe láàárín ọkọ̀ kan àti òmíràn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa àwàdà, etí ni mo fi mọ̀ ọ́n. Bí eré bá dùn, mo máa ń gbọ́ àfo kékeré kan kí ẹ̀rín tó bú, bí ìgbà tí gbogbo yàrá gbé èémí dúró. Bí kò bá dùn, kò sí àfo náà, ọ̀rọ̀ kan á kàn máa tẹ èkejì ní gìgísẹ̀. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn, nítorí pé orí ìtàgé ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti bá ẹgbẹ́ eré rin ìrìn àjò nígbà tí kò tíì sí fídíò, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ Òsósà, ìlú Olóyè Hubert Ogunde nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, bí ẹlẹ́sìn ṣe ń sọ̀rọ̀ ibi mímọ́. Nípasẹ̀ wọn ni mo fi mọ̀ pé èrò ìwòran ló ń dá òṣèré orí ìtàgé dúró. Bí èrò bá rẹ́rìn-ín, òṣèré á panu mọ́, á máa tún fìlà rẹ̀ ṣe, á dúró títí ẹ̀rín yóò fi rọlẹ̀ kí ó tó sọ gbólóhùn tó kàn. Níwájú kámẹ́rà, kò sí èrò kankan. Ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín ń bẹ ní pálọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ní ìlú tí o kò dé rí, ìwọ tí o ń ṣe fíìmù ló sì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rín tí etí rẹ kò ní gbọ́. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, eré á kú. Bí kò bá tó, ẹ̀rín á bo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀, ẹni tó ń wò ó á sì máa bi ẹni tó jókòó tì í pé, “Kí ló wí?”

Àwọn àgbà yìí kan náà ló máa ń sọ ìtàn Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, fún wa bí ẹni ń kìlọ̀ fọ́mọdé. Ní ọdún 1982, ó gbé Ọ̀run Móoru jáde, fíìmù ńlá tó ná an ní owó púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri nígbà tí owó rẹ̀ kò tíì padà wọlé, gbèsè sì wọ ọrùn ọkùnrin tó ti pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi fíìmù jẹun láyé ìgbà náà fi máa ń gbé ẹ̀dà wọn káàkiri fúnra wọn láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, tí wọ́n á jókòó tì í títí yóò fi parí, tí wọ́n á sì tún gbé e sọ́kọ̀. Nígbà tó di 1986 tí ètò ọrọ̀ ajé yí padà tí náírà sì já wálẹ̀, àtira fíìmù àti àtifọ̀ ọ́ lókè òkun kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí fídíò tí wọ́n ti ń bẹ̀rù ṣe di èyí tí wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ nìyẹn. Èmi gbọ́ ìtàn yìí bí ìtàn owó. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tó bá mú ẹ̀dà lọ́wọ́, òun náà ló mú àfo inú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ọdún 2003, mo yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo kó òṣèré mẹ́jọ jọ, mo sì fi ọjọ́ mẹ́fà ya fíìmù tèmi àkọ́kọ́ ní Ìpẹru. Ìtàn télọ̀ kan ni. Ó gba aṣọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin kan tó fẹ́ fi jáde ní Ojúde Ọba, ó sì ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Obìnrin tí mo kọ́kọ́ fi sí ipa oníbàárà kò wá lọ́jọ́ tí a fẹ́ ya ìran náà, ni a bá lọ bẹ ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀bìrìpò ní ẹnu ọ̀nà, ẹni tí kò ṣe eré rí láyé rẹ̀. Mo ti kọ èébú fún un láti sọ, ó tó ìdajì ojú ìwé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òwe wà níbẹ̀, àfiwé wà níbẹ̀, mo tilẹ̀ fi oríkì kan kún un.

Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, ìyá mi. Aṣọ ti parí. Bọ́tìnnì ló kù.” Lórí tábìlì tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rá dúdú tí ìyá náà fi gbé aṣọ wá wà, kókó tó fọwọ́ ara rẹ̀ ta sì wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì tú u. Ìyá ẹlẹ́bìrìpò gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ. Ó wo kókó náà. Ó wo télọ̀. Ó tún wo kókó náà. Ó ti ku díẹ̀ kí n kígbe “Kọ́ọ̀tì!” nígbà tí mo rí i pé ọ̀pá màíìkì ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọmọ tó gbé e, èmi tí mo sì ti gbé ọ̀pá yẹn fún ọdún mẹ́ta mọ̀ pé kì í ṣe àárẹ̀ ló ń mì í, ẹ̀rín ni. Mo bá pa ẹnu mi dé. Ìyá náà wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Bá mi tú kókó yẹn ná, ọkọ mi, kí bọ́tìnnì lè ríbi wọlé.” Mo fa ìwé èébú mi ya lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mí díẹ̀.

Nígbà tí a ń to àwòrán pọ̀, mo fẹ́ mọ bí ìwò ìyá yẹn ṣe yẹ kó gùn tó. Irú fídíò tí à ń lò máa ń ní àwòrán 25 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́rin: nínú èkínní, ó wo kókó náà fún àwòrán 12, ìyẹn bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú èkejì, 25; nínú ẹ̀kẹta, 50; nínú ẹ̀kẹrin, 75. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan àti ẹ̀rọ VCD lọ sí ìsọ̀ gàárì ìyá mi ní ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì fi ọjọ́ mẹ́rin fi í han àwọn obìnrin tó ń tajà àti àwọn tó wá rajà, ẹ̀dà kan lójúmọ́. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí tẹlifíṣọ̀n náà. Ojú wọn ni mo ń wò, pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́, mo sì ń fa ìlà níbikíbi tí eyín bá ti hàn. Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún kò sì lágbára. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn na ìka sí ọ̀rá tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “Ẹ wo kókó!”, ẹ̀rín sì bú kí ìyá ẹlẹ́bìrìpò tó sọ ohunkóhun. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹnì kan húkọ́, òmíràn sì bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà ti há.

Àwòrán 50, ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ohun tí mo rí kọ sínú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé ẹ̀rín kò sí lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ ló wà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọ ìwé eré, ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, kí n tó wá ẹni tí yóò sọ ọ́.

Mo ta fíìmù náà pátápátá fún máàkẹ́tà kan, ìyẹn ẹni tó ń ra fíìmù láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà, ní Ìdúmọ̀tà, ní Èkó. Òun ló gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, èyí tí òfin 1993 dá sílẹ̀, òun ló sì san owó pọ́síta. N kò ní ẹ̀sùn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí VCD jáde, ó ti pín ìtàn tí kò pé wákàtí kan ààbọ̀ sí Apá Kìíní àti Apá Kejì, ó sì ti fi ariwo dí gbogbo àfo inú rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà bojú wo kókó, wọ́n gé ìwò rẹ̀ kúrú, ìlù dún gbàmù, ewúrẹ́ kan sì ké. Ibo ni ewúrẹ́ ti wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀? Mo gba Èkó lọ láti bá a sọ ọ́. Ó fún mi ní omi tútù, ó sì ní kí n lọ ka ìwé tí mo fọwọ́ sí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ní orílẹ̀-èdè wa sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí ìwé, òfin tuntun ti ọdún 2022 náà kò sì yí ìyẹn padà. Ààbò ni òfin náà jẹ́ fún ẹni tí kò kọ̀wé. Èmi ti kọ ọ́, mo ti fọwọ́ sí i, mo ti kó àwọn ẹlẹ́rìí méjì wá láti Ìpẹru, mo sì sanwó ọkọ̀ wọn.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń bi mí ìdí tí mo fi ń dá ṣe iṣẹ́ mi láìní ọ̀gá, tí wọ́n sì rò pé owó ni mo ń ṣírò, ìṣẹ́jú-àáyá méjì yẹn ni ìdáhùn mi. Ìwé tí mo ń fọwọ́ sí lónìí ní iye ọdún nínú, ó ní orúkọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti lè fi eré náà hàn, ó sì ní ìlà kan tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e tàbí fi ohùn kún un láìjẹ́ pé mo mọ̀ sí i. Àwọn kan kì í fẹ́ fọwọ́ sí irú rẹ̀. A máa ń kí ara wa pé ó dàárọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ni mo gbà lọ lẹ́yìn náà. Àwọn tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí máa ń rò pé ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń sanwó fún ẹni tó ṣe eré. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ẹgbẹ́ aláwàdà tó máa ń lọ ṣe eré ní Ìbàdàn lẹ́yìn tí WNTV, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, ṣùgbọ́n nígbà tèmi, ẹni tó ni eré ló ń ra àsìkò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, tí yóò sì wá onígbọ̀wọ́ tí yóò san án padà. Ní 2009, mo gbé télọ̀ àti ìyá ẹlẹ́bìrìpò padà gẹ́gẹ́ bí eré ọlọ́sẹ̀ mẹ́tàlá. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ọgbọ́n tí àìlówó kọ́ mi sì nìyẹn: oníbàárà ló ń wọlé wá bá télọ̀, a kò ní láti gbé kámẹ́rà lọ síbì kankan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a rà kì í ṣe ọgbọ̀n. Bí o bá yọ ìpolówó ọjà, orin ìbẹ̀rẹ̀ àti orúkọ àwọn òṣèré kúrò, bí méjìlélógún ló kù fún ìtàn.

Onígbọ̀wọ́ wa ni ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọlọ́yàyà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí omi rẹ̀ hàn nínú gbogbo ìran, ìdí nìyí tí òṣèré tó wá sọ fún télọ̀ pé ìyá òun ti kú fi ń fa omi mu bó ṣe ń sunkún. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa ń mú kí ènìyàn yí ìkànnì. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà gbà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì tún ní kí àwọn àgbà inú eré yé fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀, kí ará Ọ̀yọ́ lè gbọ́. Mo gbà fún wọn lórí omi, mo sì kọ̀ lórí èdè, nítorí pé n kò tíì rí ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ń fi Yorùbá ilé-ìwé bá télọ̀ jà. Lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, n kò ní àṣẹ: ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń gé e, láti rí àyè fún ìpolówó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, onígbọ̀wọ́ dáwọ́ owó dúró. Mẹ́jọ péré ni a ti yà nínú mẹ́tàlá. Òṣèré méjì ti gba iṣẹ́ mìíràn, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń béèrè owó àsìkò, èmi náà sì ti ṣe ìlérí fún gbogbo àdúgbò. Àtúnwò ni a fi dí àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù, mo sì san gbèsè náà títí di 2011. Láti ìgbà yẹn, n kì í jẹ́ kí èyí àkọ́kọ́ jáde láìjẹ́ pé èyí tó kẹ́yìn ti parí tó sì wà lọ́wọ́ mi.

Nípa YouTube, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ ní 2017, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ìdí rẹ̀ nígbà tí wọ́n yí òfin padà ní 2018, pé kí ẹni tó ni ìkànnì tó lè jẹ nínú owó ìpolówó, ó gbọ́dọ̀ ní olùtẹ̀lé 1,000 àti wákàtí ìwòran 4,000 láàárín ọdún kan. Ó gbà mí ní oṣù mọ́kànlá. Ní 2020, wọ́n ní fídíò tó bá ti pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ lè gba ìpolówó sáàárín, ni gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í na eré bí ẹni ń na rọ́bà. Èmi náà na ìtàn ìṣẹ́jú mẹ́fà kan di mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé télọ̀ ti dẹ́kun jíjí àsìkò oníbàárà, ó ti ń jí ti àwa tí à ń wò ó. Ó tọ́ sí mi. Lọ́dún mìíràn, a lọ ya ìran kan ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, láàárín àwọn ẹgbẹ́ régberégbe nínú aṣọ wọn, orin kan tó ń dún láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì wọ inú fídíò wa. YouTube dá orin náà mọ̀, owó ìpolówó fídíò náà sì lọ sápò ẹni tó ni ín. Inú bí mi fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà mo rántí ewúrẹ́ tó ké nínú fíìmù mi, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ olórin ni.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. YouTube máa ń ya ìlà kan fún ẹni tó ni fídíò, tó ń fi ibi tí àwọn ènìyàn ti kúrò àti ibi tí wọ́n ti dá a padà láti tún un wò hàn. Nínú fídíò tí mo ti tún ìran kókó ṣe pẹ̀lú ìyá ẹlẹ́bìrìpò, ìlà náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń ṣe nínú gbogbo fídíò, ó dé ibi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó sì gòkè bí ìké ẹ̀yìn màlúù. Ìwé tí mo fa ìlà sí ní ìsọ̀ ìyá mi ni mo rí yẹn. Ìyá ẹlẹ́bìrìpò ti di olóògbé nígbà náà. Mo tẹ fóònù ọmọ rẹ̀ láago, mo ní kí ó wá wò ó.

Lọ́dún tó kọjá, mo gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa láti máa bá mi to àwòrán pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò sí àfo kan tí kì í gé dànù, ó ní báyìí ni wọ́n ń ṣe é níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́. N kò bá a jiyàn. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré àti ìwé kan lé e lọ́wọ́, mo ní kí ó lọ jókòó fún ọjọ́ kan ní ìsọ̀ wa ní Òkè-Ajé, níbi tí àbúrò mi obìnrin ti ń tajà báyìí, kí ó kọ ẹ̀yìn sí eré tó tò, kí ó sì máa wo ojú àwọn obìnrin. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó padà. Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú ìwé rẹ̀ fún odidi eré ogún ìṣẹ́jú. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láìsọ̀rọ̀, ó ṣí iṣẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn àwòrán tó ti gé padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo bi í léèrè ohun tó wà nínú ọ̀rá tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní gàárì ni, kóńgò mẹ́ta. Àwọn obìnrin náà ti sọ fún un pé ẹnì kan kì í jókòó síwájú ọjà láti àárọ̀ kí ó má ra nǹkan kan, wọ́n sì ta á fún un láìdín kọ́bọ̀ kan.